Ọjọ́ Tí Mo Fo Ògiri Wọ Pápá Emùré

Ọjọ́ kan wà tí mo ti sa gbogbo ipá mi láti gbàgbé, ṣùgbọ́n kò gbà fún mi. Ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí àwa mẹ́fà wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Emùré, láti lọ wo pápá bọ́ọ̀lù àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ mí dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ má pè mí lórí fóònù. Èyí tí mo ti gbọ́ ti tó mi.

Tíṣà ni mí, jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ní Ìkẹ́rẹ́, kì í ṣe jọ́gíráfì ni wọ́n fi mọ̀ mí. Bọ́ọ̀lù ni. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa àti ti Emùré kì í fojú rere wo ara wọn. Bí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ wa, a ó nà wọ́n. Bí a bá lọ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á nà wá, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti parí. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti tú ká tipẹ́, àmọ́ àwa alátìlẹ́yìn ò tú ká. A ní gúrúùpù kan lórí fóònù, èmi ni akọ̀wé rẹ̀, ibẹ̀ la sì ti ń ja ìjà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ti gbàgbé.

Ìjà tó le jù níbẹ̀ ni ti góòlù kan. Àṣekágbá ìdíje ni, ní pápá Emùré, ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, kò sì tíì sí ẹni tó gbá ohunkóhun wọlé. Ni ọmọ Emùré kan bá gbá bọ́ọ̀lù kan, a sì rí bọ́ọ̀lù náà nínú àwọ̀n. Emùré ní góòlù ni. Àwa ní irọ́ ni, pé àwọ̀n ya ní ẹ̀gbẹ́, pé ibi tó ya yẹn ni bọ́ọ̀lù gbà wọlé láti ìta. Rẹfirí ò rí i dáadáa, ó bá ń béèrè ẹni tó jókòó sẹ́yìn pósìtì. Èmi ni. Mi ò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Mo nawọ́ sókè láàárín àwọn ará Emùré, mo ní ẹ̀gbẹ́ ló gbà wọlé. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, a sá, ife náà ò sì bá ìlú kankan lọ títí dòní. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Ẹlẹ́rìí. Alápatà tí mo ń ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì máa ń fi ènì lé e fún mi nítorí ẹ̀rí ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín báyìí, nígbà tó jẹ́ pé ẹ ò mọ ilé mi. Mo rí bọ́ọ̀lù náà kedere. Iwájú ló gbà wọlé.

Ìdí rèé tí àyà mi fi já nígbà tí Bàbá Fọlá pè mí láti Emùré. Òun ni olórí àwọn alátìlẹ́yìn tiwọn, àgbẹ̀ kòkó ni, ó sì tó ẹ̀gbọ́n mi dáadáa. Kì í pariwo, ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

"Tíṣà," ó ní, "ìdílé kan ti dìde níbí o, wọ́n ní àwọn ni wọ́n ni ulẹ̀ pápá wa. Wọ́n ní oko kòkó bàbá àwọn ni látilẹ̀wá, wọ́n fẹ́ tà á fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ulé epo síbẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì ulẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé láti wá wádìí. Wọ́n ní ẹnu àwa ọmọ Emùré nìkan ò tó, kí á wá àlejò tó mọ pápá náà látijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn èèyàn yín wá. Ẹ kàn wá sọ ohun tẹ́ ẹ fojú yín rí ni."

Ohun tí a fojú wa rí! Gbólóhùn yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Kí ló kan ojú nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀? Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mo wá gbà pé kò sí ilé epo kankan, kò sí ọ́fíìsì kankan. Góòlù yẹn ni wọ́n fẹ́ gbà lẹ́nu mi. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á ní ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá lọ tí mo sì jẹ́wọ́, mi ò ní lè gba inú ọjà Ìkẹ́rẹ́ kọjá lójú ọ̀sán mọ́.

"Bàbá Dámọ́lá," ìyàwó mi wí nígbà tí mo ní ẹ̀tàn ni, "bí ọ̀rọ̀ yẹn bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Wọ́n á kọ́ ilé epo síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn ò ní rí ibi tí wọ́n á ti gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, kò ní gbà yín ní nǹkan kan."

Mo ní ó dáa, màá lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ bí ọ̀dẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo dìde, mo ka òfin fún wọn. Òfin tuntun kọ́. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá ń lọ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù: a kì í jẹun wọn, a kì í mu omi wọn, a kì í sì í gba ẹnu géètì wọn wọ pápá, nítorí ta ni kò mọ̀ pé ẹnu géètì ni wọ́n máa ń sin nǹkan sí de àlejò? Mo ti ra búrẹ́dì àti omi sínú báàgì. Mo tún di iyọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, mo fi sínú àpò ṣòkòtò, nítorí àgbà kan ti sọ fún wa nígbà náà pé iyọ̀ máa ń ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Bàbá Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń gbé àsíá wa látijọ́, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba báyìí, tó sì ti sanra, wò mí títí.

"Ẹlẹ́rìí, àwọn agbábọ́ọ̀lù la ń ṣọ́ nígbà yẹn, kí wọ́n má bàa so wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fẹ́ so lónìí?"

"Ẹnu wa ni wọ́n fẹ́ mú," mo dá a lóhùn. "Ẹnu wa!"

"Bí wọ́n bá wá gún uyán ńkọ́?"

Mo ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé ọwọ́ Bàbá Ṣadé ni wọ́n á ti rí wa mú.

Nígbà tí a dé Emùré, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni Bàbá Fọlá fúnra rẹ̀ lẹ́nu géètì pápá, ó gbé korobá dání, ó ń wọ́n omi sílẹ̀. Ó ní eruku ló fẹ́ pa fún wa. Eruku! Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n dúró, ẹ̀yìn la máa gbà, àlàfo kan wà lára ògiri níbẹ̀ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa máa ń gbà wọlé. Mo yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ sẹ́yìn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnì kankan tó tẹ̀ lé mi. Géètì ni gbogbo wọn gbà wọlé, Bàbá Ṣadé ló ṣíwájú wọn.

Wọ́n sì ti di àlàfo náà. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi dí i, ó ga tó àyà mi. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó sì ní ọgbọ́n, ì bá padà. Èmi gun ògiri. Mo dé òkè rẹ̀ tán, mo ní kí n gbé ẹsẹ̀ kejì, àṣé irin kan yọrí níbẹ̀. Irin náà kọ́ ṣòkòtò mi nídìí, mo rọ̀ dirodiro díẹ̀, aṣọ ya fààà láti ìdí dé orókún, mo sì já lulẹ̀ sórí òkìtì èèpo kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dà síbẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ṣubú sínú èèpo kòkó tó ti ń jẹrà rí, kó máa dúpẹ́. Ó ń yọ̀, ó ń rùn, àwọn èèrà sì ti débẹ̀ ṣáájú mi.

Ibi tí mo ti ń gbìyànjú láti dìde ni obìnrin kan ti figbe ta.

"Ẹ gbà wá o! Wọ́n ti rán èèyàn wá! Wọ́n ti wá sin nǹkan sínú pápá!"

Màmá Fọlá ni, ìyàwó Bàbá Fọlá. Òun àti àwọn obìnrin bíi mẹ́ta ń gún iyán lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níbẹ̀, kí wọ́n fi ṣe àlejò wa. Kí n tó yanu, ọmọ odó mẹ́ta ti yí mi ká. Àwọn náà ò mọ̀ mí rí, ohun tí wọ́n sì rò ni pé ìdílé tó fẹ́ gba ilẹ̀ ló rán mi wá ṣoògùn sí pápá. Èmi tí mò ń fura sí gbogbo Emùré, gbogbo Emùré ti ń fura sí mi. Wọ́n ní kí n kó gbogbo ohun tó wà lápò mi jáde. Ọ̀rá iyọ̀ jábọ́.

"Kí lèyí?"

"Iyọ̀ ni, Mà."

"Iyọ̀ kí ni? Ta ló ń gbé iyọ̀ kiri nínú àpò ṣòkòtò? Ó yá, tọ́ ọ wò!"

Mo tọ́ ọ wò. Ó ní kò tó, kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dáadáa. Mo lá iyọ̀ títí ojú mi fi ń ṣomi, ọmọ odó sì wà lókè orí mi. Mo wá rí i pé kò sẹ́ni tó fipá bọ́ mi ní nǹkan kan ní Emùré lọ́jọ́ náà, àfi èyí tí èmi fúnra mi gbé wá láti ilé.

Bàbá Fọlá ló wá gbà mí sílẹ̀. "Ha! Tíṣà! Ubo lẹ gbà wọlé?"

"Ẹ̀yìn, sà."

"Géètì ńkọ́?"

Mo ní mo fẹ́ kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn ni, nítorí iṣẹ́ jọ́gíráfì. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Màmá Fọlá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ó sì tú ìborùn aláwọ̀ pupa rẹ̀, ó ní kí n ró o bo ìdí mi. Mo gbóòórùn rẹ̀ kí n tó ró o. Ó rí mi.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi nìyẹn, pẹ̀lú ìborùn obìnrin nídìí. Wọ́n ti wẹwọ́. Iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ, gbogbo wọn ti ń bù ú bí ẹni tí wọn ò fún lóúnjẹ láti Ìkẹ́rẹ́. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀, mo mú búrẹ́dì mi jáde. Ẹnu mi kún fún iyọ̀, búrẹ́dì ò lọ. Òógùn ìtìjú ń bọ̀ lára mi, àmọ́ mo ń sọ lọ́kàn mi pé ẹ jẹ ẹ́ ná, a ó rí i.

Kò pẹ́ ni Bàbá Ṣadé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wú u, ó wú u, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo fò dìde.

"Mo ti sọ! Mo sọ fún yín nínú bọ́ọ̀sì! Wọ́n ti mú un!"

Mo sáré bá a, mo ń lù ú lẹ́yìn, mo ń pe Jésù, ìborùn náà sì tú bọ́ sílẹ̀. Gbogbo obìnrin Emùré tó wà níbẹ̀ rí ohun tí irin ògiri fi ṣòkòtò mi ṣe. Bàbá Ṣadé na ìka sẹ́nu, ó fa nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ.

"Egungun ẹja ni," ó wí. "Ẹlẹ́rìí, jọ̀ọ́, lọ jókòó."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá Fọlá ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì funfun fún iyán. "Tíṣà," ó ní, "aago márùn-ún ni mo ti dìde tí mò ń se uṣu yìí. Mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé àlejò tó máa gba pápá wa sílẹ̀ ló ń bọ̀. Ṣé ẹni tó máa pa yín ni mo jọ?" Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé láti mú ìborùn náà nílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mọ́tò àwọn ará ọ́fíìsì ilẹ̀ dé, mo sáré ró ìborùn náà padà, mo sì rí i pé wọ́n wà lóòótọ́. Obìnrin kan ni ọ̀gá wọn, Màdámù ni wọ́n ń pè é, ó wọ awò ojú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jọ ti ará Ìjàn. Aṣojú ìdílé tó fẹ́ ta ilẹ̀ náà bá wọn wá, ó wọ aṣọ funfun. Ó ní àwọn ọmọdé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ri pósìtì igi méjèèjì yẹn mọ́lẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, pé kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ látijọ́, oko ni. Bí àwọn ẹlẹ́rìí ò bá lè sọ nǹkan tó dájú lọ́sàn-án yẹn, Màdámù ní òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé oko ni.

Àwọn tèmi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí. Bàbá Ṣadé ní pósìtì àtijọ́ kọjú sí títì. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní rárá, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní òun ò rántí pósìtì, ìjà lòun rántí. Aláṣọ funfun pàtẹ́wọ́.

"Màdámù, àwọn wọ̀nyí ò dé ibí rí. Uyán ni wọ́n fi rà wọ́n. Ẹ wo ọwọ́ wọn, wọn ò tíì ṣan án!"

Màdámù wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni, ọbẹ̀ wà lẹ́nu Bàbá Ṣadé. Ó ní, "Nínú ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, ta ni kò jẹun wọn?"

Ìka márùn-ún ló nà sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú mi ò dùn rí bẹ́ẹ̀ yẹn kó tún bàjẹ́ kíákíá. Ó ní kí n bọ́ síwájú, pẹ̀lú ìborùn pupa mi. Ó ní níbo ni mo wà látijọ́ tí mo fi mọ pápá náà. Mo mú un lọ sí apá òkè, mo wá inú koríko títí mo fi rí àpáta pẹlẹbẹ kan, mo ní orí rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo ka ìṣísẹ̀ mẹ́ta síwájú, mo ní ibí ni pósìtì irin wà. Wọ́n fi ọkọ́ ha ibẹ̀, wọ́n sì bá kùkùté irin méjì nínú ilẹ̀, wọ́n ti dípẹtà.

Aláṣọ funfun ò gbà. "Irin ẹ̀rọ tí bàbá wa fi ń ṣiṣẹ́ nínú oko nìyẹn. Ṣé òun ló wá di pósìtì?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé pósìtì ni?" Màdámù bi mí.

"Bọ́ọ̀lù gbé àwọ̀n wá lù mí láyà níbí yìí," mo ní.

"Bọ́ọ̀lù wo?" Ọ̀kan nínú àwọn ará Emùré pariwo pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ló gbà wọlé nìyẹn. Màdámù ní kí wọ́n ṣàlàyé fún òun, wọ́n ṣàlàyé. Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Tíṣà, bí bọ́ọ̀lù bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé láti ìta, báwo ló ṣe máa gbé àwọ̀n ẹ̀yìn wá lù yín láyà?"

Ọgbọ̀n ọdún ó lé, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Aláṣọ funfun ti ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá di irọ́ mi mú, ẹ̀rí mi ò ní dúró, pápá lọ nìyẹn. Mo wo àwọn ará Ìkẹ́rẹ́, wọ́n tẹjú mọ́ mi. Mo wo Bàbá Fọlá, òun kò tiẹ̀ wò mí, kùkùté irin yẹn ló ń wò.

"Ó wọlé," mo ní. "Iwájú ló gbà wọlé. Góòlù ni. Èmi ni mo parọ́ fún rẹfirí."

Ni Emùré bá bú sáyọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí pápá ká, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn bí ẹni pé ìṣẹ́jú yẹn ni bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ kan àwọ̀n. Bàbá Fọlá tí kì í pariwo ń fò sókè. Màdámù ń kọ̀wé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ parọ́ gba ilẹ̀ fún èèyàn, kì í pa irú èyí tó máa ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a gbọ́ pé wọ́n ti fi pápá sílẹ̀ fún ìlú.

Kí á tó lọ, Màmá Fọlá gbé iyán wá fún mi. Ó ti tutù. Ó kọ́kọ́ bu òkèlè kan níbẹ̀, ó jẹ ẹ́ lójú mi, ó sì rọra tì í sọ́dọ̀ mi. Mo ní kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo jẹ ẹ́ tán, mo lá abọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. A ò tíì dé Ìṣẹ̀ tí fóònù mi fi dún, wọ́n ti yọ mí kúrò nínú gúrúùpù, èmi akọ̀wé. Alápatà ò fi ènì sí i mọ́. Ó Wọlé ni orúkọ mi báyìí, àwọn ọmọ kíláàsì mi gan-an mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo kọ́ ni pé kò sí nǹkan kan lẹ́nu géètì Emùré. Irọ́ ti ara mi ló ń lé mi tí mo fi gun ògiri, òun náà ni kò jẹ́ kí n lè jẹun obìnrin tó dìde láago márùn-ún nítorí mi.

Nígbà tí mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Mo rò pé ó máa yìn mí.

"Bàbá Dámọ́lá, ṣé ìtàn ẹ̀rí yẹn kọ́ lẹ sọ fún mi nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá bá mi? Tí mo sọ fún ìyá mi pé mo ti rí ọkùnrin tó lè sọ òótọ́ láàárín ọ̀tá?"

Mo ní òun ni.

"Kí ni àwọn nǹkan yòókù tẹ́ ẹ sọ fún mi nígbà náà?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó ń dúró de ìdáhùn.